Ọdẹ kan yìnbọn fún ẹran, ọdẹ kejì pa á: ta ló ni ín?

Ìbéèrè: Àsàlámù aléékùmù, Alfa wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣọdẹ yìnbọn fún àgbọ̀nrín, ó bà á nítan, ẹran náà sì sá gba ọ̀dọ̀ mi. Mo yìnbọn fún un, ó kú. Òun ní òun ló kọ́kọ́ ta á, èmi ní èmi ni mo pa á. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ò kí ara wa mọ́. Ta ni ẹ̀sìn dá láre?

Ìdáhùn: Wàaléékùmù sàlámù. Ipò tí ẹran náà wà kí ìbọn yín tó bá a ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń wò. Tí ọta àkọ́kọ́ bá ti dá a wó débi tí kò lè sá mọ́, ti ẹni àkọ́kọ́ ni, ọ̀bẹ ló sì yẹ kí wọ́n fi dú ẹran náà. Ẹni tó bá tún yìnbọn pa á ti sọ ẹran ẹlẹ́ran di òkúǹbete, yóò san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ó ń sá. Ẹ̀yin lẹ ni ín, tí ẹ bá sì ṣe Bísímílà kí ẹ tó yìn, ó tọ́ láti jẹ.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Ìmáámù Mọ́líkì, onímọ̀ àgbà tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá pé Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) ń lọ sí Mẹ́kà nínú hárámì, ìyẹn ipò ìmúra fún Háájì tàbí Úmúrà. Nígbà tí wọ́n dé Rawháù, ibì kan lójú ọ̀nà, wọ́n bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ kan tó ti gbọgbẹ́. Ó ní: "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹni tó ni ín kò ní pẹ́ẹ́ dé." Ọdẹ náà dé lóòótọ́, ó yọ̀ǹda ẹran rẹ̀ fún Ànábì, Àbúbákárì sì pín in fún àwọn sàábé. Níwájú, wọ́n tún bá ẹtu kan tí ọfà wà lára rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibòji. Ànábì fi ọkùnrin kan ṣọ́ ọ títí gbogbo èrò fi kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà dà á láàmú. Lóòótọ́, ẹni tó wà nínú hárámì kò gbọdọ̀ ṣọdẹ. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ìtàn yìí fi hàn: ẹran tó gbọgbẹ́ lè ní ẹni tó ni ín, bí a ò tilẹ̀ rí i lójú. Torí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ẹran náà, ẹ má fojú kéré ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ajá ọdẹ náà ń bẹ, fún àwọn ọdẹ tó jọ ń ṣọdẹ. Ànábì sọ fún Adiyy ọmọ Hatim, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀, pé bí ajá mìíràn bá bá ajá rẹ̀ pa ẹran, kó má jẹ ẹ́, torí ajá tirẹ̀ nìkan ló ṣe Bísímílà lé lórí. Nítorí náà, kí ọdẹ máa ké sí ẹnì kejì kó tó tú ajá, kí ajá wọn má baà dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé ẹ ò kí ara yín. Kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju òru mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà ló dára jù nínú àwọn méjèèjì. Mo sì bẹ̀ yín, kí ìbínú yìí má mú kí ẹnì kan na ìbọn sí ẹnì kejì, torí àwọn mọ̀láíkà ń ṣẹ́bi lé ẹni tó bá na irin sí arákùnrin rẹ̀. Ẹ lọ bá a nílé lónìí. Tí ẹran bá ṣì kù, ẹ gé nínú rẹ̀ fún un.