Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: package.json tí nọ́ńbà rẹ̀ kò yí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ npm update, síbẹ̀ àwọn nọ́ńbà inú package.json mi wà bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ní kí n lo npm-check-updates, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kó má ba iṣẹ́ oníbàárà jẹ́. — Òǹkàwé, Ìbàdàn

npm ni irinṣẹ́ tó ń gbé package, ìyẹn kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ, wọ inú iṣẹ́ JavaScript; package.json sì ni fáìlì tó to orúkọ àti nọ́ńbà wọn. npm update kì í kọjá ààlà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ sínú fáìlì náà. Tí ẹ bá kọ ^4.17.1, kò ní bá yín dé 5.0.0 láéláé. ~4.17.1 tún há ju ìyẹn lọ, kò ní kúrò lórí 4.17. Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni ^0.2.3: bí òdo bá ti wà níwájú, 0.3.0 ti bọ́ sóde ààlà nìyẹn. Láti orí npm 7 pàápàá, npm update kì í kọ nọ́ńbà tuntun sínú package.json àfi tí ẹ bá fi --save kún un, package-lock.json (fáìlì tó ń kọ nọ́ńbà gan-an tí npm gbé wọlé) ló ń yí. Ó lè jẹ́ pé package yín ti di tuntun tipẹ́. Ẹ tẹ npm ls kẹ́ ẹ wò ó.

Iṣẹ́ npm-check-updates ni láti sún ààlà yẹn. package.json nìkan ló ń tún kọ, kì í fọwọ́ kan node_modules, àpò tí àwọn package fúnra wọn wà. Ẹ kọ́kọ́ fi git commit ohun tó wà nílẹ̀, kí ọ̀nà àtipadà lè wà, kẹ́ ẹ wá tẹ:

`npx npm-check-updates`

Ìyẹn kàn máa to àwọn tó ti gbó síwájú yín ni. -u ló ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ má tẹ -u lásán sórí iṣẹ́ tí oníbàárà ń lò o: gbogbo nọ́ńbà ńlá (ti àkọ́kọ́, bíi 4 nínú 4.17.1) ló máa gbé pọ̀, tí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á. Àwọn kékeré (minor ni nọ́ńbà àárín, patch ni ti ìkẹyìn) ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀:

`npx npm-check-updates -u --target minor`
`npm install`
`npm test`

Ẹ ṣọ́ àwọn tó fi 0 bẹ̀rẹ̀, torí minor lè gbé 0.2 lọ sí 0.9. Patch ló yẹ àwọn yẹn.

Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ commit, kẹ́ ẹ wá mú àwọn ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan: `npx npm-check-updates -u express`. Ẹ ka CHANGELOG rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó yí padà, kẹ́ ẹ tó tẹ npm install. Bí npm bá sọ pé ERESOLVE, àwọn package ló ń bára wọn jà: package kan ṣì ń béèrè React 17, ká sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin sì ti gbé e dé 18. --force á pa á lẹ́nu mọ́, ìjà náà á ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ dá React padà sí 17, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹ̀dà package kejì tó gba 18.

Ẹni tó ní test gidi, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò, lè lo npx npm-check-updates --doctor -u, tó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó ń ba nǹkan jẹ́. Tó bá jẹ́ test tí npm init kọ síbẹ̀ lẹ ṣì ní, exit 1 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ó máa ń kùnà ní gbogbo ìgbà. Doctor kò ní gbéra rárá.

Mo tẹ npm pkg set private=true, ó wá di "true" láàárín àmì ọ̀rọ̀. Ṣé kí n padà sí sed? — Òǹkàwé, Kútọnu

Rárá o. Sed, tó kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú fáìlì, kò mọ JSON, ìlànà tí wọ́n fi kọ package.json. Kọ́mà kan tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìlà ìkẹyìn ti di EJSONPARSE, ìyẹn ni pé npm kò lè ka fáìlì náà. Ọ̀rọ̀ ni npm pkg, àṣẹ tó ń kọ nǹkan sínú package.json, ń ka gbogbo nǹkan sí àfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un:

`npm pkg set private=true --json`

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan kún àtòkọ, ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká, `npm pkg set "files[]=dist"`. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, zsh (ètò tó ń gba àṣẹ tẹ́ ẹ tẹ̀) á rò pé orúkọ fáìlì ni, á sì kọ̀ ọ́.

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n npm ci kọ̀ ọ́ lórí sáfà. — Òǹkàwé, Lọ́ńdọ̀nù

package.json nìkan lẹ fi ránṣẹ́. npm ci, tó ń gbé package wọlé bí package-lock.json ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kì í tún lock náà ṣe. Tí méjèèjì kò bá bára mu, ó dúró síbẹ̀ ni. Ẹ tẹ npm install nílé, kẹ́ ẹ commit package-lock.json pẹ̀lú rẹ̀.