Ìgbà wo ló yẹ kí ọ̀dọ́ agbápúùlù fi owó sí eré rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ẹni ọdún 16, ó sì ti ń gbá púùlù láti ọmọ ọdún 11. Ó ti wá mọ̀ ọ́n gbá débi pé àwọn àgbàlagbà kì í fẹ́ bá a gbá mọ́ àfi tí ó bá kọ́kọ́ fún wọn ní ààyè díẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti ń rọ̀ ọ́ pé kí ó máa fi owó sí i. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní eré sọ fún mi pé kò sí ẹni tó lè di ògbóǹtarìgì láìta tẹ́tẹ́, nítorí owó ló ń kọ́ ọwọ́ láti má gbọ̀n, ó sì fi Efren Reyes, gbajúgbajà agbápúùlù ọmọ Philippines, ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Èmi ò mọ èyí tí n ó gbà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n yọ̀ǹda fún un, bí ó bá sì yẹ, ìgbà wo? Àbí owó ìforúkọsílẹ̀ tí a ń san fún ìdíje kò ha jẹ́ tẹ́tẹ́ bákan náà?
Bàbá tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àfiyèsí ọmọ. Fún àwọn òǹkàwé tí ọkàn wọn lè ti lọ síbòmíràn, púùlù orí tábìlì ni à ń sọ níbí, kì í ṣe púùlù ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe yọ̀ǹda fún un nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó yọ̀ǹda fún un, kí òun náà lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ kàn fẹ́ dí òun lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti owó ìforúkọsílẹ̀. Nínú ìdíje, iye tí ọmọ lè pàdánù ti di mímọ̀ kí ó tó gbé ọ̀pá, kò sì sí bí ó ṣe lè fi kún un ní òru nígbà tí inú bá ń bí i. Àwọn alákòóso ló ń yan ẹni tí yóò bá pàdé, adájọ́ ń bẹ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti borí rẹ̀, ilé ló kù tí yóò lọ. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó dájú nídìí tẹ́tẹ́. N kò ka owó ìforúkọsílẹ̀ sí tẹ́tẹ́ nígbà náà, bí kò bá ṣáà ti ju ohun tí ilé yín lè san láìní ìnira.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé nígbà tí nǹkan bá wà nílẹ̀ tí ènìyàn lè pàdánù, apá máa ń le, orí máa ń sáré gbé sókè kí bọ́ọ̀lù tó dé ihò, ọwọ́ tó sì ń gbá a ní ìrọ̀rùn ní ìrọ̀lẹ́ àná á wá di ti àlejò. Agbápúùlù tí kò bá tíì rí irú ìpayà bẹ́ẹ̀ rí, yóò rí i ní ọjọ́ tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń mú ìpayà wá. Àwọn agbápúùlù ní ọ̀nà ìdánrawò kan tí mo lè pè ní bíbá òjìji gbá. Ẹni náà yóò fọ́ bọ́ọ̀lù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ká, yóò gbé bọ́ọ̀lù funfun sí ibi tó bá wù ú, lẹ́yìn náà yóò máa gbá wọn wọ ihò láti orí ti 1 títí dé orí ti 9 ní títẹ̀léra. Bí ó bá tàsé ẹyọ kan ṣoṣo, òjìji ti borí nínú eré yẹn, nítorí òjìji kì í tàsé. Ẹ ní kí ó bá òjìji du eré méje, kí ó sì jẹ́ níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá kùnà, kí ó jẹ́ pé bí ó bá pàdánù, òun ni yóò nu gbogbo tábìlì ibẹ̀. Ẹ ó rí i bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ owó. Ti pé kí ẹni tó bá pàdánù san owó tábìlì, èmi kì í bá ọmọ ọdún 16 jà lórí ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mo ti ṣílẹ̀kùn.

Ohun tí olùkọ́ náà kò sọ fún yín ni pé ẹnu ni wọ́n fi ń gbá tẹ́tẹ́ púùlù kí wọ́n tó fi ọ̀pá gbá a. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò tó ọmọ yín kò ní fi owó lélẹ̀ láìgba ààyè. Yóò ní kí ó kọ́kọ́ ka eré méjì fún òun nínú eré méje, tàbí kí ó jẹ́ pé bí òun bá ti gbá bọ́ọ̀lù kẹjọ wọlé, òun ti jẹ, nígbà tí ọmọ yín kò ní jẹ àfi tí ó bá gbá ìkẹsàn-án. Kí àwọn méjèèjì lè di ọgbọọgba ni wọ́n ṣe ń gba irú ààyè bẹ́ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo ọdún márùn-ún tí ọmọ yín fi kọ́ eré ni wọ́n ti fi ẹnu gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó yí. Ohun tí yóò wá pinnu ẹni tí yóò kó owó lọ ni ìdúnàádúrà: mímọ ìgbà tí a ń kọ̀, ìgbà tí a ń dìde kúrò, àti bí a ṣe ń dá ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ tàsé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá. Irú ọgbọ́n yìí kò sí nínú ọ̀pá. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà sì ni wọ́n ń tà nídìí tábìlì tẹ́tẹ́.

Bí ọmọ yín bá wá kọ́ ọgbọ́n náà, mo rò pé ìyẹn gan-an ló burú jù. Ẹni tó bá fẹ́ máa rí ẹni bá a ta tẹ́tẹ́ ní láti fi bí ó ṣe mọ eré tó pa mọ́. Yóò máa tàsé ohun tó lè gbá, yóò máa borí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan péré nígbà tí ó lè fi mẹ́fà borí, yóò sì máa ṣe bí òpè lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Gbájú-ẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Efren Reyes tí wọ́n dárúkọ fún yín náà, nígbà tó lọ gbá púùlù ní Amẹ́ríkà ní 1985, Cesar Morales ni ó ń pe ara rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá mọ ẹni tó jẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a fi owó sílẹ̀.

Kò sì sí àríyànjiyàn pé inú tẹ́tẹ́ ni Reyes dàgbà sí. Nínú ilé púùlù ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ ní Manila ni ó ti kọ́ eré ní kékeré, orí àpótí ni ó ń dúró sí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó tábìlì, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé eré bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ní Cardiff ní 1999. Ṣùgbọ́n ẹni tó la odò já ni à ń rí kí. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ dàgbà nídìí tábìlì, tí tẹ́tẹ́ gbé lọ, kò sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí a lè fi wé tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá olùkọ́ náà lóhùn, ẹ sọ fún un nípa Jean Balukas, tó gba ìdíje U.S. Open ti àwọn obìnrin ní 1972 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, tàbí Wu Jia-qing ọmọ Táíwàn, tó jẹ́ ẹni ọdún 16, gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín, nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti bọ́ọ̀lù mẹ́jọ àti ti bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án nínú ọdún 2005 kan náà. Orí tábìlì ìdíje ni ayé ti mọ àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò pàdánù. Ẹ̀rù tèmi ni pé yóò jẹ. Ọmọ tó bá fi alẹ́ kan jẹ owó tí bàbá rẹ̀ ń fi ọ̀sẹ̀ kan wá, kò ní rí ìdí tí òun yóò fi jókòó ti ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ń bá ènìyàn kó ara rẹ̀ níjàánu, kì í gbó tán títí ènìyàn fi tó nǹkan bí ọdún 25. Láti 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà sì ti ka tẹ́tẹ́ tó di bárakú mọ́ ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú ọtí àti oògùn olóró. Púùlù tilẹ̀ léwu ju tẹ́tẹ́ tí a fi oríire ta lọ ní ọ̀nà kan: ẹni tó pàdánù níbẹ̀ máa ń ní àlàyé. Yóò ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò ní òun mọ̀ ọ́n gbá ju ẹni tó borí òun lọ (ó sì lè jẹ́ òótọ́), nítorí náà kí wọ́n sọ owó náà di ìlọ́po méjì.

Ìgbà wo wá ni? Òfin ní láti kọ́kọ́ gbà á: ọdún 18 ni ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì jẹ́ 21 ní ilé tẹ́tẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tí òun fúnra rẹ̀ fi òógùn ojú rẹ̀ wá ni kí ó fi sílẹ̀, kì í ṣe owó tí ẹ fún un, kì í sì í ṣe èyí tó yá. Kí ó sọ iye eré àti iye owó fún ẹnì kan nílé kí ó tó jáde. Ohun tí èmi yóò wá máa wò jù ni bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá pàdánù: bí ó bá dé ní àkókò tó dá, tó sọ iye tó pàdánù láì parọ́, tí ó sì sùn, ó ti tó ẹni tí a lè fi sílẹ̀. Mo mọ àwọn ẹni ogójì ọdún tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀. Òun ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “rárá” láìsí àlàyé lè sọ ọmọ yín di ẹni tí ń ta á ní ìkọ̀kọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 17 ni mí, mo sì ń gbá púùlù dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni kan ní òun yóò máa fi owó òun sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá jẹ, ìdá mẹ́ta owó náà jẹ́ tèmi nínú mẹ́wàá. Bí mo bá pàdánù, kò sí ohun tí n ó san. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe owó mi, ṣé tẹ́tẹ́ ni?
Akọ́ṣẹ́ agbápúùlù

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, tẹ́tẹ́ ni, orí rẹ ni ó sì fẹ́ ta á lé. O ní kò sí ohun tí ìwọ yóò san, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ẹni tó ń pàdánù owó rẹ̀ léraléra tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ náà jẹ òun ní gbèsè, ìwọ ni yóò sì wà níwájú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ni owó ni yóò máa yan ẹni tí o ó bá gbá àti ìgbà tí o ó dìde. Ọjọ́ kan sì lè dé tí yóò rí i pé èrè pọ̀ sí i bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù.

Ní 2023, àjọ tó ń ṣàkóso sínúkà (eré ọ̀pá orí tábìlì tó jọ púùlù) lágbàáyé fìyà jẹ agbásínúkà mẹ́wàá láti Ṣáínà lórí ọ̀ràn tẹ́tẹ́ àti mímọ̀ọ́mọ̀ pàdánù eré nítorí owó. Àwọn méjì tó dàgbà jù tí wọ́n ń tan àwọn yòókù, Liang Wenbo àti Li Hang, ni wọ́n lé kúrò nínú eré títí láé. Yan Bingtao, tó gba ife-ẹ̀yẹ Masters ní 2021 nígbà tó ṣì jẹ́ ẹni ogún ọdún, gba ìfòfindè ọdún márùn-ún.

Má gbá fún ọ̀gbẹ́ni náà. Bí o bá ti gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà ṣe ọ̀pá tuntun, mú un padà fún un ṣáájú ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí bàbá tàbí ìyá rẹ sì bá ọ lọ.