Mẹ́ta ju méjì lọ, kí ló wá dé?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ni mí. A po 1-chlorobutane (kábọ̀nù mẹ́rin tó tò tẹ̀léra, tí klórínì wà lára ìkíní) mọ́ sulfuryl chloride tó ń pèsè klórínì, a fi AIBN díẹ̀ tó ń ta iṣẹ́ náà jí sí i, a gbé e kaná, a sì fún un wọ inú gas chromatograph, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú àdàlù sọ́tọ̀, tó sì ń ya ṣóńṣó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣóńṣó mẹ́rin ló yọ lẹ́yìn ti 1-chlorobutane tí kò yí padà, ìwọ̀n wọn sì jẹ́ 6, 22, 48 àti 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Háídrójìn mẹ́ta ló wà lára kábọ̀nù kẹrin, méjì péré ló wà lára ìkẹta. Kí ló dé tí ìkẹta fi borí? Àbí mo ka ṣóńṣó wọ̀nyí sódì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kò kà á sódì. Èyí tó bá tètè hó ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde nínú irú iṣẹ́ yìí: 1,1-dichlorobutane (nọ́ńbà méjèèjì ń sọ kábọ̀nù tí klórínì kọ̀ọ̀kan wà) ń hó ní nǹkan bí 114°C, 1,2 ní 124, 1,3 ní 134, ti 1,4 sì ju 150 lọ. 1,3 ló ni 48 yẹn lóòótọ́.

Ẹ pín 24 sí ọ̀nà 3, 8 ló kan háídrójìn kọ̀ọ̀kan lórí kábọ̀nù kẹrin. Ẹ pín 48 sí ọ̀nà 2, 24 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìkẹta. Átọ̀mù klórínì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já háídrójìn gbà kí klórínì mìíràn tó ráyè jókòó síbẹ̀, kábọ̀nù tí a já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ a sì di rádíkà, ìyẹn èyí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kan kò ní ẹnìkejì. Rádíkà tí kábọ̀nù méjì dúró tì sì máa ń fara balẹ̀ ju ti ìpẹ̀kun, tí ẹyọ kan ṣoṣo dúró tì, lọ.

Ibi tó dùn jù lójú tèmi ni kábọ̀nù kejì, tí ẹ kò tilẹ̀ béèrè nípa rẹ̀. Òun náà ní háídrójìn méjì àti aládùúgbò méjì, síbẹ̀ 11 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Klórínì tó ti wà lára kábọ̀nù kìíní ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá pọ̀ sí ni átọ̀mù klórínì tó ń wá háídrójìn kiri máa ń rọ́ lọ.

Ààyè abẹ́ ṣóńṣó ni kí ẹ máa wọ̀n, kì í ṣe gíga rẹ̀, nítorí bí ìgbóná ẹ̀rọ bá dúró sójú kan, èyí tó pẹ́ kó tó jáde a máa fẹ̀, a sì máa kúrú. Kí ẹ tó tún fa òmíràn sínú abẹ́rẹ́, ẹ fi omi sodium bicarbonate fọ àdàlù náà títí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Ásíìdì tó bá ṣẹ́ kù lè ba inú ẹ̀rọ náà jẹ́.