Ṣé Báńkì Nìkan ni Akẹ́kọ̀ọ́ Okòwò Ti Lè Kọ́ Iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní polí, nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò, mo sì ń wá ibi tí n ó ti ṣe SIWES, ìyẹn kíkọ́ iṣẹ́ níta ilé-ìwé, fún ọdún kan kí n tó lọ fún HND, ìwé ẹ̀rí tí ó tẹ̀ lé e. Mo ti wọ gbogbo báńkì ní Òṣogbo níbí, láti Òkè-Fìà títí dé ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán, kò sí èyí tí ó gbà mí. Ọ̀gbẹ́ni kan nítòsí Ọláìyá ní tí mo bá lè san ₦40,000, òun á bá mi wá àyè sí báńkì, àti pé bí n kò bá tilẹ̀ ráyè máa lọ, òun mọ ẹni tí yóò máa lu òǹtẹ̀ sí logbook mi, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Bàbá kan tí ó ń ta símẹ́ǹtì ní Òkè-Báálẹ̀ ti ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìyẹn kì í ṣe àìtí (IT, kíkọ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe). Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n san owó náà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má san án. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà láti ilé-ìwé rẹ̀ ni yóò béèrè, kì í rán alágbàtà síta kí ó máa gbowó. Ní ti òǹtẹ̀ tí wọ́n fẹ́ máa bá ọ lù nígbà tí o bá jókòó sílé, ayédèrú ìwé ni, bí àṣírí rẹ̀ bá sì tú, ìwọ tí orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀ ni ilé-ìwé yóò pè, wọn kò ní í mọ ọ̀nà ilé ọ̀gbẹ́ni náà.

Ohun tí o ń wá yìí kọ́ ni à ń pè ní SIWES. Àjọ ITF tí ń rí sí kíkọ́ni níṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, ni ó gbé ètò SIWES kalẹ̀ ní 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tí ó ń kà nínú ìwé. Oṣù 4 ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ polí, inú ND ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún kan tí ó wà láàárín ND àti HND yàtọ̀ sí i: ìrírí iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, lẹ́tà ẹ̀rí láti ibi tí o ti ṣiṣẹ́ ni o sì máa fi hàn. Bí ilé-ìwé rẹ bá ní fọ́ọ̀mù tàbí logbook tirẹ̀ fún un, tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ, nítorí pé èmi kọ́ ni agbẹnusọ wọn.

Ọ̀rọ̀ báńkì yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ó ti sú mi láti máa kà á nínú lẹ́tà. Ta ni ó sọ fún yín pé inú báńkì nìkan ni a ti ń kọ́ okòwò? Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, mo sì ti jókòó níbi tí a ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ń wá iṣẹ́ lẹ́nu wò. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe àìtí ní báńkì, tí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju pé àwọn ń júwe fún oníbàárà ibi tí yóò tò sí, àwọn ń to ìwé sínú fáìlì, wọ́n sì ń rán àwọn jáde láti lọ wá ẹni tí yóò ṣí àkáǹtì. Ẹ̀bi báńkì kọ́. Owó onílé àti àṣírí àlejò ni ó wà níkàáwọ́ wọn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí a ṣe ní 2023 sì wà níbẹ̀, tí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa fi ìsọfúnni oníbàárà ṣeré. Kò sí ọ̀gá báńkì tí orí rẹ̀ pé tí yóò gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. A máa ń rí ẹ̀ka tí ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà kò lè sọ èyí fún ọ.

Wá gbé ìsọ̀ bàbá oní-símẹ́ǹtì yẹn wò. Ká ní ọkọ̀ já 600 àpò sí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, tí ìwé ọjà títà sì fi hàn pé 412 ti jáde. 188 ni ó yẹ kí ó kù, ṣùgbọ́n nígbà tí o kà á, 185 ni o bá. Níbo ni àpò 3 wọlé sí? O bi akérù, ó ní méjì ti ya nígbà tí wọ́n ń já ẹrù, wọ́n sì ti kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn. O bi bàbá fúnra rẹ̀, ó rántí pé òun fi ọ̀kan ta àna òun lọ́rẹ, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, o ti mọ ìdí tí a fi ń lo káàdì ọjà tí a ń kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sí, o ti mọ̀ pé ọjà tí ó bàjẹ́ àti èyí tí olówó mú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjà títà, o sì ti mọ bí a ṣe ń bi àgbàlagbà ní ìbéèrè láìfi ẹ̀sùn kàn án. Ìyẹn tí wọ́n ń fi orúkọ ńláńlá pè fún yín ní kíláàsì nìyẹn.

Owó tí ó gba orí POS àti fóònù wọlé ṣì wà níbẹ̀. Gbé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́ kalẹ̀, gbé ìwé tí ìsọ̀ fúnra rẹ̀ kọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o wá ìdí tí iye inú méjèèjì kò fi bára mu. Wàá rí owó POS tí kò tíì dé, owó iṣẹ́ tí báńkì yọ, àti ₦50 ìjọba tí wọ́n ń yọ lórí owó tí ó bá tó ₦10,000 tí a fi ránṣẹ́. Ìwé àwọn tí ó gba àwìn náà ń dúró dè ọ́: ta ni ó jẹ, láti ìgbà wo, ta ni a kò gbọdọ̀ tún tà fún láìsan ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi oṣù mélòó kan ṣe èyí, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, kò ní í wá ohun tí yóò sọ tì níwájú agbanisíṣẹ́.

Kíyè sí ohun tí mo sọ kẹ́yìn yẹn: ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí akọ̀wé tàbí olùṣírò owó kan ní ìsọ̀ náà, tí bàbá sì ń kó gbogbo ìṣirò sórí, o lè lo ọdún kan níbẹ̀ kí o má kọ́ ju bí a ṣe ń gbé àga fún oníbàárà. Rí i dájú pé wọ́n ti forúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé wọ́n ní ìwé tí a tẹ orúkọ wọn sí lórí, nítorí pé àwọn ilé-ìwé kan kì í gba lẹ́tà tí kò bá ní ìwọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá tí ó bí ọ ni ó ni ìsọ̀, èmi kò ní í gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o lọ síbẹ̀. Ta ni yóò gba ẹ̀rí òbí lórí ọmọ rẹ̀ gbọ́? Bí ti bàbá yìí kò bá sì bọ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtẹ̀wé àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pọ̀ ní Òṣogbo, gbogbo wọn ni wọ́n ń kọ ìwé owó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni èmi fẹ́ràn jù nínú wọn, nítorí pé ìdókòwò, owó yíyá, èlé àti ìpàdé ọdọọdún wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Ibikíbi tí o bá bọ́ sí, má ṣe máa kọ “mo dé ibi iṣẹ́, mo ṣe ohun tí ọ̀gá ní kí n ṣe” sínú logbook lójoojúmọ́. Kọ ọ́ báyìí: “Mo ka símẹ́ǹtì, mo bá 185 dípò 188, mo rí i pé 2 ya, wọ́n sì fi 1 tọrẹ láìkọ ọ́ sílẹ̀, a ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé.” Máa kọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ń bójú tó ọ sì fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé àwa tí ń ka logbook tètè máa ń dá èyí tí wọ́n fi alẹ́ kan ṣoṣo kọ mọ̀: gègé kan náà ni láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn.

Lọ gba lẹ́tà ìfihàn ní ilé-ìwé rẹ, kí o sì béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ń bójú tó àìtí bóyá wọ́n gba irú ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o tó fún bàbá lésì. Tí o bá wá dé Òkè-Báálẹ̀, má lọ ní ìparí oṣù tí ojú gbogbo wọn ń pọ́n. Kí bàbá dáadáa, kí o bi í pé ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò, kí o sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí o rí ìwé tí wọ́n fi ń kọ ọjà.