Ṣé igbákejì olùdíje máa ń mú ìbò wá lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù kan ní Ṣàgámù, kò jìnnà sí Sábó. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín wa tó ti fẹ́ di ìjà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní bí olùdíje ààrẹ wa bá ti mú igbákejì láti òkè Ọya, ìbò Sábó ti di tiwa nìyẹn, kí a kó gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa lé pósítà tí àwòrán àwọn méjèèjì máa wà lórí rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ ní kò sẹ́ni tó ń wojú igbákejì dìbò. Ta ló gba nínú wa? Kí ni kí a fi owó yìí ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ ẹ ti sọ ọ́ kọjá ibi tó yẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ka èsì ìdìbò láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, ohun tí mo sì rí ni pé igbákejì kì í sábà kó ìbò ìlú rẹ̀ wá fún ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà níbòmíràn. Òun ni àwọn èèyàn máa ń wò láti fi mọ irú ẹni tí olùdíje fúnra rẹ̀ jẹ́, òun náà ló sì ń pinnu ta ni yóò fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àti ta ni yóò káwọ́ lérí máa wòran.

Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí yín, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1979, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ díje lábẹ́ UPN, ọmọ Ìgbò kan, Philip Umeadi, ló mú ṣe igbákejì. Ìrètí rẹ̀ yéni: ó fẹ́ kí ìlà-oòrùn rí i pé àyè wà fún wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ohun tó rí ní Anámbra kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó rí ní Imo náà kò tó o. Nnamdi Azikiwe ń díje lọ́dún yẹn, ọmọ wọn ni, òun ni wọ́n dìbò fún. Alex Ekwueme, ọmọ Òkò ní Anámbra, ni Shehu Shagari mú ní tirẹ̀; Shagari náà kò gba Anámbra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọlé nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé sì ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn sí Awólọ́wọ̀. Kò sí igbákejì tó lè fọ irú èyí dànù. Ohun tí ará ìlú bá ti ní lọ́kàn sí olùdíje fúnra rẹ̀, ó ti ní in. Lọ́dún 1983, Awólọ́wọ̀ yíjú sí òkè Ọya, ó mú Muhammadu Kura. Ìyẹn náà kò gbé e dé ibi tó ń lọ.

Má rò pé àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, John Kerry mú John Edwards, sẹ́nétọ̀ North Carolina, lọ́dún 2004, Bush ló gba North Carolina. Lọ́dún 2012, Mitt Romney mú Paul Ryan ti Wisconsin, Obama ló gba Wisconsin.

Èyí tí mo fẹ́ kí o kà fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín ni ti Muhammadu Buhari. Lọ́dún 2011, pásítọ̀ kan, ọmọ Abẹ́òkúta, Tunde Bakare, ló bá a díje lábẹ́ CPC. Ìbò tí wọ́n rí ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn kò tó 20,000. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, Buhari kan náà tún mú pásítọ̀, ó tún mú ọmọ Ògùn: Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ti Ìkẹ́nnẹ́, tó fẹ́ ọmọ ọmọ Awólọ́wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, 308,290 ni wọ́n kà fún un ní Ògùn, Goodluck Jonathan sì ní 207,950. Ṣé Bakare kì í ṣe ọmọ Ògùn ni? Ṣé kì í wàásù ni?

Ẹgbẹ́ ló yàtọ̀. Lọ́dún 2013 ni ACN, CPC, ANPP àti apá kan nínú APGA para pọ̀ di APC. Nígbà tí ìdìbò 2015 fi máa dé, gómìnà, alága wọ́ọ̀dù àti aṣojú ibùdó ìdìbò ti wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ti mọ́ra láti máa kó ìbò jọ. Ọ̀ṣínbàjò, tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Èkó lábẹ́ Tinubu, ni ẹ̀rí pé àdéhùn náà ti fìdí múlẹ̀, pé ará ibí wà nínú oúnjẹ náà. Ó tún pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé Buhari fẹ́ sọ Nàìjíríà di ti ẹ̀sìn kan mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni o, n kò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ tó kó ìbò wọlé. Bó bá jẹ́ òun ni, Oyo àti Ondo kò ní bọ́ sọ́wọ́ Atiku Abubakar lọ́dún 2019, nígbà tí Ọ̀ṣínbàjò ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ rí nílẹ̀ wa mọ̀ pé ewùrà ni ìkọ́kọrẹ́. Ẹja dára nínú rẹ̀, àmọ́ bí ewùrà bá ti bàjẹ́, kí lẹja fẹ́ ṣe sí i?

O lè wá bi mí pé, kí ló dé tí wọ́n fi ń ja gídígbò lórí ẹni tí wọn yóò mú? Òfin wà níbẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní abala 142, sọ pé orúkọ olùdíje ààrẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi tó bá mú igbákejì. Abala 134 tún ní kì í ṣe ìbò tó pọ̀ jù nìkan ni yóò ní. Ó gbọ́dọ̀ rí ìdá kan ó kéré tán nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Abuja. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi ilé bàbá rẹ̀ nìkan wọlé. Olùdíje ń wá ẹni tí yóò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí fún un níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ lè dìde sọ̀rọ̀ láìtijú.

Ìbínú tí yíyan igbákejì máa ń dá sílẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í ṣírò. Lọ́dún 2022, Nyesom Wike ló ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé PDP, ọ̀pọ̀ sì rò pé òun ni Atiku máa mú. Ifeanyi Okowa, gómìnà Delta, ni Atiku mú. Wike àti gómìnà mẹ́rin mìíràn, Makinde ti Oyo wà lára wọn, yọ ọwọ́ kúrò nínú ìpolongo rẹ̀. Nígbà tí ìdìbò dé lọ́dún 2023, Delta pàápàá, níbi tí Okowa ti jẹ́ gómìnà lórí àga, Peter Obi ló gbà á. Bí wọ́n ṣe pàdánù ilé igbákejì nìyẹn, tí ilé àwọn tí wọn kò mú náà sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo ní, èyí ló dùn mí láti kọ́ àwọn olóṣèlú jù, àwọn ni kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Ti ẹ̀sìn ń kọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, inú ilé kan náà ni ẹlòmíràn ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àbúrò rẹ̀ ń lọ mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo wọn sì jọ ń gbé aṣọ ẹgbẹ́ wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá. Ìdí nìyẹn tí Mùsùlùmí méjì, Abíọ́lá àti Kingibe, kò fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí lọ́dún 1993. Abíọ́lá tilẹ̀ gba Kano mọ́ Bashir Tofa lọ́wọ́, ilé Tofa nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tinubu mú Kashim Shettima lọ́dún 2022, kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn Kristẹni inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òkè Ọya, irú Babachir Lawal àti Yakubu Dogara, kọ̀ ọ́ ní gbangba, Obi sì gba Plateau àti Nasarawa. Tinubu wọlé, ó sì gba Borno tí Shettima ti ṣe gómìnà rí. Àmọ́ Kwankwaso ló gba Kano, Atiku ló gba Katsina àti Sokoto.

Èyí gan-an ló kan Sábó yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá láti òkè Ọya ló jẹ́ ará kan náà. Oníṣòwò obì tí bàbá rẹ̀ ti Kano wá kò rí ọmọ Borno gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Rẹ́mọ kò ṣe ní dìbò fún ọmọ Èkìtì kìkì nítorí pé Yorùbá ni wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ó ti rí láàárín àwa fúnra wa. Lọ́dún 2023, àwọn méjì tó ń léwájú nínú ìdíje gómìnà Ògùn, Dàpọ̀ Abíọ́dún àti Ládi Adébùtú, Ìpẹru ni àwọn méjèèjì ti wá. Àwọn méjèèjì ló mú igbákejì láti Ìwọ̀-oòrùn Ògùn, nítorí pé apá ibẹ̀ kò tíì jẹ gómìnà rí: Abíọ́dún mú Noimot Sàlàkọ́-Oyèdélé ti Ọ̀tà, Adébùtú mú Adékúnlé Akínlàdé, tó fúnra rẹ̀ díje sí Abíọ́dún lọ́dún 2019. Nígbà tí onílé méjì bá ti gbé ọjà kan náà wá, oníbàárà á wo nǹkan mìíràn. Ìbò tó wà láàárín wọn kò tó 14,000, ọmọ Yewa tó díje ní tirẹ̀ lábẹ́ ADC sì kó ohun tó lé ní 90,000. Apá Yewa mọ ìyàtọ̀ láàárín igbákejì àti ẹni tó jókòó níwájú.

Ó ku ti owó. Ẹ má tẹ pósítà kankan kí àsìkò tí òfin fi sílẹ̀ fún pípààrọ̀ orúkọ tó kọjá. Lọ́dún 2022, Kabir Masari ni Tinubu kọ́kọ́ fi dí àyè náà mú kí Shettima tó dé. Obi náà fi Doyin Okupe, ọmọ Ìpẹru tiwa níbí, dí i mú kó tó mú Datti Baba-Ahmed. Ẹni tó bá tẹ pósítà sí ojú Okupe ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, owó rẹ̀ ti sọnù. Kí ẹ sì bi àwọn tó wà lókè bóyá wọ́n ti yẹ ìwé ẹ̀rí igbákejì náà wò dáadáa. Ní Bayelsa, David Lyon ti borí ìdìbò gómìnà, ọ̀la ló yẹ kí wọ́n búra fún un, nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, nítorí pé orúkọ inú àwọn ìwé ẹ̀rí igbákejì rẹ̀ kò bára mu. Douye Diri ni wọ́n búra fún ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ kan tó gbọ́ Hausa wọ Sábó lọ, ẹ kí Séríkí wọn, kí ẹ sì wádìí iye èèyàn tó ní káàdì ìdìbò alálòpẹ́ ní ibùdó ìdìbò tiyín gan-an. Ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ wọn ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ máa ja lórí ìbò tí kò sí níbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó ń dùn wọ́n: ọ̀nà ọjà, owó orí, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Pósítà díẹ̀ tó. Ìyókù owó náà, ẹ fi kọ́ àwọn aṣojú yín ní ibùdó ìdìbò, ẹ fi bọ́ wọn lọ́jọ́ ìdìbò kí ẹlòmíràn má baà bọ́ wọn. Bí ọ̀nà bá sì wà tí ẹ fi lè mú igbákejì náà fúnra rẹ̀ dé Ṣàgámù, ẹ má jẹ́ kó dúró sí gbàgede ńlá pẹ̀lú àwọn gómìnà. Ẹ mú un dé ìdí òkìtì obì, kó jókòó, kó bá wọn sọ Hausa fún ìdajì wákàtí.