Ìbéèrè Yín: Másítà Bàyọ́lọ́jì Fún Olùkọ́ Tó Ń Ṣiṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ipò kejì onípele ìsàlẹ̀ ni mo fi jáde ní yunifásítì, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀. Ó wù mí láti gba oyè másítà nínú bàyọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n a ní ọmọ ọwọ́ nílé, n kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ ra fọ́ọ̀mù, pé ohun tí n ó ṣe ìwádìí lé lórí yóò yọjú tó bá yá. Ṣé kí n gbà wọ́n gbọ́?
Olùkọ́, Ọ̀bà-Ilé.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ní tèmi, ẹ má ṣe tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn, nítorí pé ohun ẹlẹ́mìí ni a ń bá ṣiṣẹ́ nínú bàyọ́lọ́jì, ohun ẹlẹ́mìí kì í sì í dúró de ẹni. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ó máa wò láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá olùkọ́ àgbà tí yóò bójú tó iṣẹ́ yín, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Kòkòrò inú ẹ̀wà ni mo mọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n fi ṣe àpẹẹrẹ. Abo rẹ̀ a máa lẹ ẹyin mọ́ ara èèpo ẹ̀wà. Bí ẹ bá gbé hóró kan sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i bí ẹni pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ẹfun sí i. Ọmọ tó wà nínú ẹyin yóò lu èèpo wọ inú hóró, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun títí tí yóò fi dàgbà, nígbà tó bá sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ooru tiwa, yóò gba ihò róbótó kan jáde. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun iyeré lè dáàbò bo ẹ̀wà lè kó hóró sínú ìgò, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ dé e lẹ́nu, kí ó sì máa ka ẹyin lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń jáde nìkan ni kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni èmi fi lọ sìnkú ní ìlú wa. Kí n tó dé, wọ́n ti jáde, wọ́n ti gun ara wọn, wọ́n sì ti yé ẹyin tuntun sórí ti àtijọ́. Oṣù méjì iṣẹ́ ni mo dà nù, tí mo sì tún bẹ̀rẹ̀.

Tanwíjí yàtọ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa fún un lóúnjẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń gbé inú odò Alà, tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, yóò máa bu omi rẹ̀ lóṣooṣù, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá kọjá lára rẹ̀, ó di ọdún mìíràn. Fún ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, kòkòrò ẹ̀wà ni èmi yóò mú.

Ipò tí ẹ fi jáde tó fún másítà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa; àwọn tó gba ipò kẹta ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn díp̣lọ́mà tí a ń ṣe lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lépa transcript yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò yín láti yunifásítì tí ẹ ti jáde. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981, M.Tech. (Master of Technology) ni wọ́n ń pe oyè náà, ẹ sì lè máa ti ilé lọ. Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá-Àkókó gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ó jìnnà díẹ̀. Níbikíbi, ẹ ó kọ́kọ́ gba kíláàsì kí ẹ tó dojú kọ ìwádìí àti àpilẹ̀kọ, nítorí náà, ẹ kọ̀wé gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín.

Kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó parí, ẹ ra kóńgò ẹ̀wà kan tí wọn kò fi oògùn sí ní Ọjà Ọba, ẹ dà á sínú ìgò fún oṣù kan, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú dání lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rí olùkọ́ àgbà.