Èsì: Kí ló ń sọ èèyàn di ọ̀daràn?

Ọ̀kún o, àbúrò. O ní kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa ìdí tí èèyàn fi ń dá ọ̀ràn, àti èyí tó bá ọ̀dọ̀ wa ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, mu.

Ní 1764, Beccaria, onímọ̀ òfin ará Ítálì, ní èèyàn máa ń wo èrè àti ìyà kó tó ṣe ibi. Ìyà tó dájú, tó sì tètè dé, ló ń dẹ́rù bani ju ìyà tó le lọ. Ní 1876, Lombroso, dókítà ará Ítálì, ní wọ́n bí ọ̀daràn mọ́ ọn ni, pé ó hàn lára rẹ̀, bí etí ńlá, ló bá ń wọn agbárí kiri. Wọ́n ti pa ìyẹn tì. (A dúpẹ́, etí tèmi náà tóbi.)

Merton, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, 1938: àwùjọ ní kí gbogbo wa lówó, àmọ́ kò ṣí ọ̀nà fún gbogbo wa, ni àwọn kan bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Sutherland, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí èèyàn ń bá rìn ló ti ń kọ́ ọ̀ràn dídá.

Ti Cohen àti Felson, àwọn onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, 1979, ni mo fara mọ́ jù: ẹni tó fẹ́ jalè, ohun tó ṣeé jí, àti àìsí olùṣọ́, ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé ni ọ̀ràn ń ṣẹlẹ̀. Wo oko iṣu ní Bùnú tàbí Yàgbà, ní agbègbè wa níbí. Nígbà tí èèyàn kún inú abà, ta ló jẹ́ wa iṣu oníṣu? Ní báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ ti gba Àbújá lọ ńkọ́? Ṣùgbọ́n àlàyé Cohen àti Felson yìí kò sọ ohun tó ń mú kó wu olè láti jalè. Fún ìyẹn, padà sọ́dọ̀ Merton.